Ṣé ẹ̀rí pé òótọ́ ni ìwé mímọ́ lè yí aláìgbàgbọ́ lọ́kàn padà? Ẹ bá mi dá sí i

Adúrótì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi gan-an, ti fi ìjọ sílẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn sọ fún mi pé òun ò rí ìdí tí òun á fi gba Bíbélì gbọ́ ju ìwé ẹlẹ́sìn mìíràn lọ, pé bí ẹ̀rí bá wà kí n gbé e wá, òun á yẹ̀ ẹ́ wò.

Ni mo bá ki ìwádìí mọ́lẹ̀. Mo fi àwòrán òkúta kan ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n rí ní Kesaríà lọ́dún 1961, tí orúkọ Pọ́ńtíù Pílátù wà lára rẹ̀ ní èdè Látìn, tòun ti oyè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alákòóso Jùdíà. Ọkàn mi balẹ̀ pé ìyẹn á mì ín. Èsì tó fún mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ò fìgbà kan sọ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Pílátù." Mo tún fi ti Tel Dan ní Ísírẹ́lì ránṣẹ́, òkúta tí wọ́n rí ní 1993 tí wọ́n kọ "ilé Dáfídì" sí lára. Ó ní kò burú, Dáfídì jọba, àmọ́ òkúta yẹn ò sọ pé Ọlọ́run bá a sọ̀rọ̀.

Ó ti ń sú mi. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé ẹ̀rí kan wà láyé yìí tó lè yí ẹni tó ń ṣiyèméjì lọ́kàn padà? Èkejì ni èyí tí mi ò tíì lè dá ara mi lóhùn: bí wọ́n bá mú ẹ̀rí tó dájú wá lọ́la pé apá kan nínú Bíbélì kì í ṣe òótọ́, ṣé èmi náà á yí padà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u fún mi. Ọmọlúwàbí ni.

Ìyá Ìfẹ́olúwa

Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Jésù fúnra rẹ̀ ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí nínú Lúùkù 16. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ tó wà nínú oró bẹ Ábúráhámù pé kó rán Lásárù sí àwọn arákùnrin òun. Ábúráhámù ní bí wọn ò bá gbọ́ ti Mósè àti ti àwọn wòlíì, ẹni tó jí dìde nínú òkú pàápàá ò lè yí wọn lọ́kàn padà. Bí òkú tó jí ò bá lè ṣe é, ṣé òkúta ló máa ṣe é? Ẹ gbàdúrà fún un. Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń yí ọkàn padà.

Àkànní

Ìyá wa, àmín. Ṣùgbọ́n Tọ́másì náà ní òun ò ní gbà àfi bí òun bá fi ìka kan ojú àpá ìṣó, Jésù ò sì lé e dànù. Ó ní kó mú ìka rẹ̀ wá. Kí èèyàn béèrè ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá Ìfẹ́olúwa

Ẹ ka Jòhánù 20, ẹsẹ 29 mọ́ ọn, Àkànní ọmọ mi. Ìbùkún ni fún àwọn tí kò rí, tí wọ́n sì gbàgbọ́.

Awalẹ̀pìtàn

Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì fẹ́ràn ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn dénú, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ eléyìí.

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń pa pọ̀ tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rí ìwé mímọ́. Ọ̀kan ni pé ohun tí wọ́n kọ látijọ́ náà ló dé ọwọ́ wa. Òmíràn ni pé àwọn èèyàn àti ìlú tí ìwé náà dárúkọ wà lóòótọ́. Ìkẹta ni pé Ọlọ́run ló sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àbúrò yín ń béèrè ìkẹta, ẹ̀yin ń fún un ní ìkejì. Kò lè mì ín.

Ẹ wo àkájọ ìwé Àìsáyà tí àwọn darandaran Bedouin rí nínú ihò àpáta ní Kúmúránì, lẹ́bàá Òkun Òkú, ní nǹkan bí ọdún 1947. Awọ 17 ni wọ́n rán pọ̀. Ó gùn ju mítà 7 lọ, gbogbo orí 66 ló sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ àwòrán rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ibi tí akọ̀wé ti fo ọ̀rọ̀, tí wọ́n wá fi lẹ́tà kéékèèké há a sáàárín ìlà méjì. Ìgbàkígbà tí mo bá rí i, ó máa ń wú mi lórí pé ẹnì kan jókòó ti iṣẹ́ yẹn, ó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ gbà pé wọ́n kọ ọ́ ní ohun tó lé ní 100 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Bíbélì èdè Hébérù tó pé pérépéré tó sì pẹ́ jù lọ́wọ́ wa ni èyí tó wà ní Rọ́ṣíà, ọdún 1008 ni wọ́n kọ ọ́. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ láàárín àwọn méjèèjì, síbẹ̀ Àìsáyà kan náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ kéékèèké pọ̀ nínú bí wọ́n ṣe kọ àwọn ọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí ńlá nìyẹn pé àwọn adàwékọ ṣe iṣẹ́ wọn. Àmọ́ kí wọ́n da ọ̀rọ̀ kọ láìṣìnà ò sọ ọ̀rọ̀ náà di òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ́ di irọ́.

Ọmọ Ìwé

Kí n fi kún ti Awalẹ̀pìtàn, torí àwọn oníwàásù kì í sábà sọ apá yìí. Kúmúránì kan náà ni wọ́n ti rí àjákù ìwé Jeremáyà oríṣi méjì. Ọ̀kan bá èyí tí à ń kà lónìí mu. Èkejì kúrú, ó bá Jeremáyà ti Bíbélì Gíríìkì àtijọ́ mu, èyí tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ kúrú ju tiwa lọ, tí ètò orí rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Ibì kan náà ni wọ́n kó méjèèjì pa mọ́ sí, ó sì jọ pé kò dí wọn lọ́wọ́. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lo Kúmúránì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kó lo gbogbo rẹ̀.

Onírònú

Èmi ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, ẹ ò sì fi mí ṣẹ̀sín rí níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá sí ọ̀rọ̀ yín. Àbúrò Adúrótì tọ̀nà lórí òkúta méjèèjì. Schliemann, ará Jámánì kan, walẹ̀ ní Hisarlik, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní àwọn ọdún 1870, ó sì rí ìlú tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé Tírọ́ì ni, ìlú tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ kọrin ogun rẹ̀. Odi rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Kò sẹ́ni tó tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ Súùsì, òrìṣà àwọn Gíríìkì.

Ẹ béèrè ohun tó lè yí wa padà. Èmi á sọ tèmi. Kí ìwé kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ dá wa lójú sọ ohun kan ní kedere tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ nígbà yẹn. Ká ní ó sọ pé ohun kan tó kéré ju èyí tí ojú lè rí lọ ló ń fa ibà tó ń pa abiyamọ, pé ọwọ́ ẹni tó ń gbẹ̀bí ló ń gbé e kiri, pé kó fọ ọwọ́ kó tó fi kan aboyún. Ó di 1847 kí dókítà kan, Semmelweis, tó ní kí àwọn dókítà máa fi omi oògùn fọ ọwọ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Vienna, ikú àwọn ìyá sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àìmọye obìnrin ló ti kú kó tó dìgbà yẹn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá gbà wọ́n là.

Bí mo bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe pé lẹ́yìn tí sáyẹ́ǹsì ti rí i tán ni ẹnì kan wá ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, màá gbà pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Bóyá màá sìn ín, ìyẹn tún di ìbéèrè mìíràn.

Ìyá Ìfẹ́olúwa

Gbólóhùn rẹ ìgbẹ̀yìn yẹn ni kókó, ọmọ mi. Jákọ́bù 2:19 ní àwọn ẹ̀mí èṣù náà gbà pé Ọlọ́run kan ló wà, wọ́n sì ń gbọ̀n. Ẹ̀rí ò jìnnà sí wọn. Kò sọ wọ́n di ọmọ Ọlọ́run.

Àáfà Kékeré

Salaam aleikun, ẹ̀yin ará. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ń béèrè kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ àti ẹni tó ti pinnu pé òun ò ní gbà. Nínú Suratul Baqarah, ẹsẹ 260, Ànábì Ibrahim bẹ Ọlọ́run pé kó fi bó ṣe ń jí òkú han òun. Ọlọ́run bi í pé ṣé kò gbàgbọ́ ni. Ó ní òun gbàgbọ́, kí ọkàn òun lè balẹ̀ ni. Ọlọ́run ò bínú sí i, ó fi hàn án. Ṣùgbọ́n nínú Suratul An'am, ẹsẹ 7, Ọlọ́run ní bí Òun bá tiẹ̀ sọ ìwé kalẹ̀ tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kàn án, àwọn aláìgbàgbọ́ á ní idán ni. Adúrótì, èwo nínú méjèèjì ni àbúrò yín? Ẹ wádìí ìyẹn ná.

Ní tiwa, ẹ̀rí ti dé. Kùránì tó wà ní Yunifásítì Birmingham, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2015 pé ayé Ànábì ni wọ́n ti kọ ọ́.

Awalẹ̀pìtàn

Àáfà, ẹ má bínú, apá ìgbẹ̀yìn yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Awọ ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò yẹ tàdáwà wò. Àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù ń sọ ìgbà tí ẹran tó ni awọ kú. Ó bọ́ sáàárín 568 sí 645, pẹ̀lú ìdánilójú ìdá 95.4 nínú 100. 632 ni Ànábì Muhammad kú, torí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà ayé rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ewé méjì péré ló sì jẹ́, kì í ṣe odindi Kùránì. Ó ṣì jẹ́ ohun ìyanu pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ju ohun tí awọ náà sọ lọ.

Àáfà Kékeré

Mo gbọ́ yín, ọ̀gá. Síbẹ̀, awọ yẹn kọ́ ló gbé ẹ̀sìn wa dúró. Kùránì ti wà lórí àwọn èèyàn kó tó wà lórí awọ. Ẹ sun gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ lónìí, àwọn tó há a sórí á kọ ọ́ jáde padà. Ẹ̀rí tí ìwé náà fúnra rẹ̀ tọ́ka sí wà nínú Suratul Baqarah, ẹsẹ 23: ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó mú súrà kan wá tó dà bí rẹ̀.

Onírònú

Àáfà, ta ló máa ṣe adájọ́? Ẹni tí ìwé náà ti ń dùn mọ́ nínú láti kékeré á ní kò sí èyí tó jọ ọ́. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Lárúbáwá ò tiẹ̀ lè dá ẹjọ́ náà rárá. Ẹ̀rí tó jẹ́ pé àárín ilé nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́ ò lè mú ará ìta wọlé.

Ọmọ Awo

Awọ àti òkúta lẹ ń sọ látàárọ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará Íńdíà fi ẹnu gbé Veda, ọ̀rọ̀ mímọ́ ẹ̀sìn Híńdù, láti ìran dé ìran kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnu náà la fi gbé Odù Ifá. Ẹni tó bá ní àfi ìwé àtijọ́ kí òun tó gbàgbọ́ ti lé ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn jáde láìtíì gbọ́rọ̀ ẹnu wọn.

Ọmọ Ìwé

Ẹ ti gbàgbé ìbéèrè kejì Adúrótì, òun ló sì le jù. Ìtàn ti dáhùn apá kan nínú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, William Miller ka ìwé Dáníẹ́lì, ìṣirò tó ti ibẹ̀ jáde sì mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbà pé ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 1844 ni Jésù máa padà wá. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn túká. Ṣùgbọ́n àwọn kan padà sídìí ìwé náà, wọ́n ní ọjọ́ yẹn tọ̀nà, pé ọ̀run ni ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ayé. Nínú wọn ni ìjọ Adventist Ọjọ́ Keje ti jáde ní 1863.

Ẹ tún wo ìjọ Mọ́mọ́nì. Joseph Smith ní inú ìwé pápírọ́ọ̀sì àwọn ará Íjíbítì ni òun ti túmọ̀ Ìwé Ábúráhámù. Gbogbo èèyàn rò pé pápírọ́ọ̀sì náà ti jóná. Àfi bí àjákù rẹ̀ ṣe jáde ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York, tí wọ́n sì dá a padà fún ìjọ náà ní 1967. Àwọn onímọ̀ èdè Íjíbítì kà á. Ìwé ìsìnkú ni, kò sí ọ̀rọ̀ Ábúráhámù níbẹ̀. Àwọn kan fi ìjọ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn tó dúró pọ̀ jù wọ́n lọ. Àlàyé wọn ni pé kì í ṣe gbogbo pápírọ́ọ̀sì ló kù, tàbí pé Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ han wòlíì náà láìgbára lé ohun tó wà lórí ewé.

Mi ò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Mo rò pé bí gbogbo wa ṣe rí nìyẹn. Bruce Metzger jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìwé àfọwọ́kọ Májẹ̀mú Tuntun ní Princeton, Bart Ehrman sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ìwé kan náà ni wọ́n jọ yẹ̀ wò. Onígbàgbọ́ ni Metzger títí tó fi kú ní 2007. Ehrman ò gbàgbọ́ mọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ léraléra pé ohun tó lé òun jáde gan-an ni ìyà tó ń jẹ aráyé, pé ìyàtọ̀ inú ìwé àfọwọ́kọ kọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rí nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ì bá já sí.

Àkànní

Àwọn aláìgbàgbọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Kí wọ́n tó rí òkúta Tel Dan, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé bóyá ni Dáfídì wà rí. Nígbà tí òkúta jáde, àwọn kan nínú wọn ní ọ̀rọ̀ yẹn ò túmọ̀ sí ilé Dáfídì.

Onírònú

Òótọ́ ni, Àkànní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọ̀mọ̀wé, títí kan àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ló gbà pé orúkọ ìdílé ọba ni. Ẹ̀rí yí ohun tí wọ́n rò nípa Dáfídì padà. Kò sí ìdí kankan tí ì bá fi yí èrò wọn nípa Ọlọ́run padà.

Adúrótì

Ẹ ṣé gan-an. Mo tẹ̀lé ìmọ̀ràn Àáfà. Mo pè é lálẹ́ àná, mo ní kó sọ fún mi, kí ni mo lè mú wá tí á fi padà? Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí: pé nígbà tí ìyá wa ń ṣàìsàn, pásítọ̀ kan sọ fún òun pé ìgbàgbọ́ òun tó kéré ló ń dí ìwòsàn ìyá wa lọ́wọ́. Ìyá wa kú. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú láti ìgbà náà.

Ní ti ìbéèrè kejì mi, mo ti ronú sí i. Bí wọ́n bá ní ẹja kò gbé Jónà mì, pé àkàwé ni, mi ò ní lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ní bí Kristi ò bá jíǹde, asán ni ìgbàgbọ́ wa. Bí egungun rẹ̀ bá jáde tí kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀, mi ò lè máa ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ìfẹ́olúwa

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á tu ẹ̀yin àti àbúrò yín nínú. Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ ṣe ibi. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ egungun, èmi ò sí níbẹ̀. Mo mọ Ẹni tí mo gbà gbọ́, kò sí ohun tí wọ́n hú jáde tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Àkànní

Ó ti yé wa báyìí. Ọ̀rọ̀ ìwé kọ́ rárá, ọgbẹ́ ọkàn ni. Ẹ dáwọ́ òkúta dúró. Àmọ́ bí ẹ bá tún fẹ́ fi nǹkan kan ránṣẹ́, fídíò kan wà nípa kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò tí wọ́n rí lábẹ́ Òkun Pupa.

Onírònú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ọgbẹ́ ọkàn nìkan ni. Wọ́n ti sọ ọ́ fún èmi náà, ó sì dùn mí ju èébú lọ. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn, síbẹ̀ ìbéèrè tó ń béèrè nípa ìwé jẹ́ ìbéèrè gidi, ó yẹ kẹ́nì kan dá a lóhùn. Bí ẹ bá ń tu ẹkún rẹ̀ nínú tí ẹ ò sì ka ìbéèrè rẹ̀ sí, á mọ̀.

Awalẹ̀pìtàn

Mo fara mọ́ Onírònú. Fídíò kẹ̀kẹ́ ogun yẹn ńkọ́? Ẹ má dán an wò! Kò sí awalẹ̀pìtàn kankan tó gbé kẹ̀kẹ́ Fáráò jáde láti inú òkun fún àyẹ̀wò. Àwọn tó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá pàápàá ti ṣìnà: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bíbélì ní Washington ní àjákù 16 tí wọ́n rò pé ti Òkun Òkú ni, àyẹ̀wò tó jáde ní 2020 sì fi hàn pé ayédèrú ni gbogbo wọn. Ilé náà fúnra wọn ló gbé àyẹ̀wò náà kalẹ̀ tí wọ́n sì kéde èsì rẹ̀, mo gbóríyìn fún wọn. Ẹni tó ń ṣiyèméjì tí ẹ bá fi ayédèrú kan ránṣẹ́ sí, kò ní gba ojúlówó lọ́wọ́ yín mọ́.

Adúrótì

Mo gbọ́, mi ò ní fi fídíò kankan ránṣẹ́. Ó tiẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan láàárọ̀ yìí: kí ló dé tí Bíbélì òun fi fi àmì yí ìparí ìwé Máàkù ká? Mi ò mọ ohun tí màá sọ.

Awalẹ̀pìtàn

Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìwé àfọwọ́kọ méjì tó pẹ́ jù tí Máàkù fi pé, Sinaiticus àti Vaticanus, tí wọ́n kọ méjèèjì ní nǹkan bí ọdún 300 sí 400, parí sí orí 16, ẹsẹ 8. Ẹsẹ 9 sí 20 ò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tó jáde lẹ́yìn wọn ní in, Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan, sì ti fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú rẹ̀ kí ọdún 200 tó pé, torí náà ó ti pẹ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé, onígbàgbọ́ pọ̀ nínú wọn, gbà pé Máàkù kọ́ ló kọ ọ́. Ẹ má fi èyíkéyìí nínú rẹ̀ pa mọ́ fún un. Ẹ jọ ka ẹsẹ 1 sí 8 ná, kí ẹ bi í léèrè ohun tó rò pé ó sonù, kí ẹ tó fèsì.